Òfin Tí Kò Kan Ilé Mi

Lọ́dún tí mo ra ilé wa ní Corduff, nílùú òyìnbó níbí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi ọkùnrin tó wá yẹ ilé náà wò fún mi nípa àwọn álààmù mẹ́ta tó wà lájà, tó máa ń ké bí èéfín bá dé: ṣé òfin ni? Ó ní òfin ni fún ẹni tó bá ń fi ilé háyà, òfin ni fún ilé tuntun, ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ tí èmi fúnra mi ń gbé, kò sẹ́ni tó máa wá wò ó. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, èmi ò gbọ́ ìyókù. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Òfin tí ọlọ́pàá ò lè torí ẹ̀ dá ẹ dúró, ṣé òfin nìyẹn?

Máàmi ń bá wa gbé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń dáná èédú sínú àwo turari kékeré, kí ilé lè ta sánsán. Bí èéfín bá ti gòkè báyìí, álààmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, torí wáyà kan ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀kan wà nínú yàrá Máàmi gan-an. Wọ́n á gbọ́wọ́ láyà: "Kí ni mo jí o?" Inú bí mi. Mo gun àga, mo tú gbogbo ẹ̀ kúrò lájà, mo yọ bátìrì inú wọn.

Ọmọbìnrin mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Tí Màmá àgbà bá dá wà ńkọ́?"

"Ta ni yóò mú mi? Ilé ta ni?"

Ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kọ́ lòun ń sọ. Mo ní kó lọ kàwé ẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn èmi nìkan ni mo gbọ́n.

Ní Jímọ̀ kan, orúnkún ń dun Máàmi, wọn ò lè bá wa lọ mọ́sáláṣí. Wọ́n gbé àwo turari lọ sí yàrá wọn lókè, wọ́n kírun, oorun sì gbé wọn lọ. Ẹ̀yinná kan já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò tilẹ̀ jó púpọ̀: etí kápẹ́ẹ̀tì àti ìdí kọ́tìnnì. Èéfín ló pa ìyá mi. Aládùúgbò wa ló rí i lójú fèrèsé tó fi pe panápaná. Nígbà tí a fi dé, wọ́n ti tẹ́ Máàmi sórí koríko iwájú ilé, wọ́n ti daṣọ bò wọ́n.

Olórí panápaná wo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lájà. Mo ń retí kó pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní kí n pẹ̀lẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó mú mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Ṣé ilé òyìnbó tí ẹ̀ ń gbé ò ní nǹkan tó ń ké ni?"

"Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti bàjẹ́ ni, a ò mọ̀."

"Àmúwá Ọlọ́run ni. Má sunkún mọ́."

Ọmọ mi jókòó tì mí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Dádì Ìbàdàn, ẹ má bínú, sà. Kò bàjẹ́. Dádì ló yọ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi gé fóònù. Wọn ò sì tíì pè mí títí dòní.