Omi Tí Mo Fi Fọ Ọkọ̀

Òórùn epo pupa tuntun ló gba gbogbo Ifangni lọ́jọ́ tí mo kúrò níbẹ̀. Ilẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, èmi náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ọkọ̀ tó ń kó epo lọ sí Àjàṣẹ́ ni mo ń wà. Òyìnbó kan àtìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń wá irú òkúta tó wà lórí òkè, ló gbà mí kí n wa ọkọ̀ wọn lọ sí àríwá títí dé aṣálẹ̀. Ilé gan-an lọkọ̀ ọ̀hún: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, kódà kọ́tìnì wà lójú fèrèsé. O mọ̀ mí, mo kúkú fẹ́ràn àṣehàn.

Lórí òkè Natitingou, lójú ọ̀nà àríwá, mo tẹ bíréèkì títí ó fi ń rùn, kí n tó gbà pé jíà kékeré ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìyẹn kò le.

Ti aṣálẹ̀ ló dùn mí. Lọ́dọ̀ tiwa, awakọ̀ tí kò bá fọ ọkọ̀ kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì wa nínú iyanrìn, kí àwọn méjèèjì tó jí, mo pọn omi nínú àgbá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, garawa lé garawa, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Inú mi dùn jọjọ.

Lọ́sàn-án, táyà rì. A wa iyanrìn títí, ọkọ̀ kò jáde. Ìyàwó òyìnbó lọ bu omi, ó pẹ́ kó tó padà, ó ní ìsàlẹ̀ àgbá ló kù. Kànga tó sún mọ́ wa jù, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni fún ọkọ̀ tó bá lè rìn. Mo lè ní àgbá ń jò, irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rí ètè obìnrin náà tó ti bó, mo bá jẹ́wọ́.

Ọkọ rẹ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin náà bu omi díẹ̀díẹ̀ sí ife mẹ́ta, ó gbé èyí tó pọ̀ jù fún mi.

“Mu ún,” ó ní, “ìwọ lo máa wakọ̀.”

Ìbá sàn fún mi kó bú mi. Mo mu ún tẹkúntẹkún. A tú afẹ́fẹ́ inú táyà sílẹ̀ díẹ̀ kó lè fẹ̀ lórí iyanrìn, ọkọ̀ jáde, a sì dé kànga lọ́jọ́ kejì.

Èmi náà ti di ọlọ́kọ̀ látìgbà náà, mo sì ti gba awakọ̀ síṣẹ́. Ọ̀kan gbé ọkọ̀ mi wọ kòtò lọ́nà Daagbé, inú sì bí mi gan-an. Mo ní kó jókòó. Mo bu omi fún un, mo dúró tì í kó mu ún. Nígbà tó fi máa mu ún tán, mo wá èébú tí mo ti kó jọ dè é, n kò rí i mọ́.