Ẹran Kérésì Tiwalọlá

Tiwalọlá ń jowú Damaris, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń sáré láràárọ̀ ní àdúgbò Rosettenville. Tiwalọlá ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ, Damaris ò ṣọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ òun ló máa ń ṣáájú.

Lọ́jọ́ Kérésì, Màmá Láolú tó gbà wọ́n lálejò wo sàláàdì tí Tiwalọlá bù, ó pariwo: "Ṣé ara ẹ ò yá ni? O ti rù jù!" Ó bá fipá bu ẹran gọbọi fún un. Damaris ń gbé iyán mì ní tiẹ̀, gbogbo ilé ń yìn ín.

Inú bí Tiwalọlá. Ó rọra kó ẹran náà sínú àwo Damaris. Kó jẹ ẹ́ yó, kó má lè sáré lọ́la!

Lọ́jọ́ kejì, Damaris sáré gun òkè bíi takisí, ó fi Tiwalọlá sílẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn: "Eish, ẹran àná mà fún mi lágbára o! Wàá fún mi ní tọdún tuntun náà o!"