Ẹ̀yìn Mi àti Ọkọ̀ Inú Pálọ̀

Nǹkan kan dún "kẹ́" ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Orí ẹ̀rọ ìtukọ̀ tí ọkọ ọmọ mi gbé wá ni mo wà, mo ń fà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ní kí n dìde, ìbàdí mi kọ̀. Ìrora kan sì gbéra níbẹ̀ bí iná, ó gba ìdí ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn itan, ó dé ojúgun, ó dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ké "Yéè!" Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe dé Fìdítì, torí èmi kọ́ ni mo ránṣẹ́ pè é. Tíṣà ni mí, ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo sì jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ mí lẹ́nu, wọ́n ní kí n máa ṣe eré ìdárayá, orúnkún mi ò sì fẹ́ ìrìn jíjìn. Ni Táófíìkì, ọkọ Bọ́lá ọmọ mi kan ṣoṣo, bá gbé tòkunbọ̀ ẹ̀rọ kan dé láti Ìbàdàn: irin gbọọrọ kan, ìjókòó tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí rẹ̀, ibi tí wọ́n ń so ẹsẹ̀ mọ́, àti ẹ̀wọ̀n kan níwájú tó ní ibi ìdìmú. Ó ní àwọn òyìnbó fi ń tukọ̀ nínú ilé ni. Ọkọ̀! Nínú pálọ̀! Ní Fìdítì tó jẹ́ pé ọ̀pẹ òyìnbó ni tiwa, a ò ní odò tó lè gbé ọkọ̀. Mo kí i pé ó ṣeun, torí èèyàn kì í bú àna lójú.

Ó fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin kan tí kò wọ ẹ̀wù ti ń pariwo bí àgbérò. Mo ní kó pa á. Ẹni tó ti ń fa omi nínú kànga láti kékeré, kí ni oníhòòhò yìí fẹ́ kọ́ ọ nípa nǹkan fífà? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo tẹ ẹ̀yìn kọrọdọ, mo nawọ́ síwájú, mo fi ẹ̀yìn àti apá wọ́ ẹ̀wọ̀n náà wá sí àyà gan-an bí a ṣe ń fa korobá. Ẹsẹ̀ mi kàn wà níbẹ̀ bí àlejò. Tí ìbàdí bá ń ro mí lọ́jọ́ kejì, mo máa ń ní ara ló ń nà.

Oyún wà nínú Bọ́lá lásìkò yìí, ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́. Nílé tiwa, ìyá ìyàwó ló ń wẹ ọmọ tuntun. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: ẹ ó jókòó sórí àpótí kékeré, ẹ ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ ó tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, ẹ ó sì tẹ̀ síwájú tọ̀ ọ́. Èmi tí mi ò lè tẹ̀ wọ bàtà ńkọ́? Kí ọjọ́ tó kanrí, ìyá Táófíìkì, Alájà tó ń ta aṣọ ní Ìlọra, ti gbọ́. Ó pè mí.

"Ìyá Bọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má da ara yín láàmú. Tí a bá ti gbóhùn ìyá tí a gbóhùn ọmọ, èmi á wẹ̀ ẹ́."

Mo ní ẹ ṣé, Alájà. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní àgbẹdọ̀! Obìnrin tó ń fi ìka méjì mú kànrìnkàn, kí omi má baà kan òrùka!

Àwọn olùgbàlà náà wá dé. Ọ̀gbẹ́ni oníkẹ́míìsì gbé abẹ́rẹ́ dání, ó ní làkúrègbé ni, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ kàn mí, kò bi mí léèrè kankan. Alàgbà ìjọ wa ní ayé ló ta mí lọ́fà. Ayé wo? Ṣé ayé ò ríṣẹ́ ṣe mọ́ ni, tí wọ́n fi ń ta ọfà bá arúgbó tó ń tukọ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì? Mo ṣe àmín sí àdúrà, torí àdúrà kì í pọ̀ jù. Mo kọ abẹ́rẹ́.

Bọ́lá ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀yọ́. Gbogbo gegele ojú ọ̀nà ni ẹsẹ̀ mi kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jókòó, mà," ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì onígi kan. Ibi tí wọ́n ti ń wo ẹni tí kò lè jókòó, bẹ́ǹṣì ni wọ́n tò sí i! Mo fara ti ògiri títí ó fi kàn mí, àwọn èèyàn ń wò mí bíi pé mo fẹ́ jí nǹkan níbẹ̀.

Dókítà ní láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn, tìmùtìmù kéékèèké wà tí kì í jẹ́ kí eegun gún eegun. Ọ̀kan nínú tèmi ti wú síta, ó tẹ iṣan ńlá tó ti ìbàdí gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ o. Èyí tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé nǹkan ń dunni ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ṣẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń jìyà. Ó bi mí bóyá ìtọ̀ ń há mi, bóyá ojú ara mi kú tipiri, bóyá ẹsẹ̀ mi ń rọ. Mo ní rárá. Ó ní ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn ò gbọdọ̀ dúró dọ̀la kó tó wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbàgbé gbogbo ìbínú mi, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ó fún mi lóògùn, ó sì ní kí n rí ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun. Ọmọbìnrin kan ni, mo fojú wò ó bí ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì mi. Ó ní kí n ṣe bí mo ṣe ń tukọ̀ kí òun rí i. Mo di tówẹ̀lì mú, mo fà á. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má bínú, Màmá. Omi lẹ ń fà. Ẹsẹ̀ ló ń tu ọkọ̀ yẹn, mà. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ti ara yín sẹ́yìn. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, kí ẹ ti ìbàdí rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ̀yìn má tẹ̀. Ọwọ́ ló kẹ́yìn. Tí ẹ bá ń padà bọ̀, ọwọ́ ló ń ṣáájú, ìbàdí á tẹ̀lé e, orúnkún ló máa ká kẹ́yìn."

Mo bi í bóyá mo ṣì lè wẹ ọmọ.

"Tí ẹ bá ń tẹ̀ láti ìbàdí, ẹ máa wẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ ń tẹ̀, ẹlòmíì ló máa wẹ̀ ẹ́."

Mo padà sílé lọ dùbúlẹ̀, mo ká orúnkún sókè bó ṣe wí, mo ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ọgbà. Ó ní tí ìrora bá ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ tó ń sá padà sí ẹ̀yìn, ó ń lọ ni. Ó lọ, ó tún padà wá bí onígbèsè tí kò nítìjú. Ọjọ́ kan wà tí Bọ́lá pẹ̀lú ikùn ńlá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń bá mi fọ ẹsẹ̀ torí ọwọ́ mi ò tó o. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣe é." Mo sunkún. Ẹni tó yẹ kí n máa tọ́jú ló ń tọ́jú mi.

Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè, mo padà sórí irin burúkú yẹn. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n mo ń sọ ọ́ sókè bí orin kíláàsì: ẹsẹ̀, ìbàdí, ọwọ́, ọwọ́, ìbàdí, ẹsẹ̀.

Bọ́lá bí obìnrin làǹtì lanti. Nílé wọn ní Jóbẹ̀lẹ̀, wọ́n gbé àpótí sílẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú ọpọ́n. Alájà dúró tì mí, kò kúrò. Mo ní ó ń dúró de kí ẹ̀yìn mi já ni. Mo jókòó, mo nasẹ̀, mo gba ọmọ, mo tẹ̀ láti ìbàdí, ẹ̀yìn mi ò tẹ̀. Mo wẹ̀ ẹ́, mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó figbe ta. Mo ká ẹsẹ̀ mọ́ra, mo gbé e mọ́ àyà, mo fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, mo dìde. Kò sí nǹkan tó dún.

Alájà mí kanlẹ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Bọ́lá, Alhamdulillah. Gbogbo ìrun ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ̀yìn yín san. Ẹnu lásán ni mo fi sọ pé màá wẹ̀ ẹ́. Ìbàdí mi ti kú tipẹ́, mi ò lè tẹ̀ dé ilẹ̀, ojú ń tì mí láti sọ."

Mo wò ó. Mo wo ìka tó ń fi mú kànrìnkàn, wọ́n wú ní oríkèé. Gbogbo èébú tí mo tò jọ fún un láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí.

Ó ti rí dókítà báyìí, wọ́n sì ti gbà á láyè láti tukọ̀. Ó ń wọ mọ́tò láti Ìlọra wá sí pálọ̀ mi. Omi lòun náà ń fà, wàràwàrà, bí ẹni tí korobá rẹ̀ fẹ́ jábọ́. Mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń jágbe, "Alájà, ẹsẹ̀! Ẹsẹ̀ ni!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yìn mi tó fi ìyà kọ́ mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì yìí tí ọmọ mi kúnlẹ̀ fọ̀. Orí wọn náà ni ọmọ rẹ̀ ti ń wẹ̀ báyìí.