Obì Ìgbéyàwó Tó Dé Wadata

Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan létí odò ní Lamordé kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Ó wà lára ìborùn mi lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò mi gbéyàwó níbẹ̀ nínú fíìmù. Lọ́yà ni ọmọ náà tẹ́lẹ̀. Maître ni gbogbo àdúgbò wa, Banifandou, ń pè é, bí àwọn Faransé ṣe ń pe lọ́yà. Ìgbà tó ṣe, àwọn tó ń ṣe fíìmù ní kó wá bá àwọn ṣe lọ́yà nínú eré. Ó lọ, kò sì padà sí kóòtù mọ́. Àbúrò mi sunkún títí. Èmi ò bá a sun ún. Ẹni tó ń rí oúnjẹ jẹ tí kò jalè, kí la tún fẹ́ kó ṣe?

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, òun ni ọkọ ìyàwó nínú eré. Ẹni tó ni fíìmù ò fẹ́ ayédèrú, ó mú àlùfáà gidi wá, ó sì ra obì gidi, apẹ̀rẹ̀ kan. Àwa tí wọ́n ní ká jókòó bí èrò ṣe àmín, wọ́n sì pín obì fún wa. Ní ìlú yìí, ẹni tó bá gba obì ìgbéyàwó á mú un délé, á pín in fáwọn ará ilé, á sì sọ ẹni tó gbéyàwó. Bí ìròyìn ṣe ń rìn nìyẹn. Èmi ju tèmi sẹ́nu lójú ẹsẹ̀, àmọ́ àwọn tó kù mú tiwọn relé bí wọ́n ti máa ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obì fíìmù ti dé ọwọ́ ìyàwó tí ọmọ àbúrò mi fẹ́ sílé gan-an, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta aṣọ ní Wadata.

"Ìyálé, ẹ kú oríire o! Orogún yín ti dé," ni ẹni tó mú un wá wí.

Ìyàwó kó ẹrù, ó di ilé bàbá rẹ̀, àlùfáà ará Ìlọrin tó ní ilé kéwú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa ẹbí tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

Bàbá ìyàwó ò ní kó dìde. "Ìgbéyàwó ò ní eré nínú, ìwọ ọmọ yìí. Àlùfáà kà á, èrò ṣe àmín, wọ́n jẹ obì. Kí ló kù?"

"Ó ku ẹni tó fi ọmọ fọ́kọ, Bàbá. Télọ̀ kan ni wọ́n bẹ̀ pé kó ṣe bàbá ọmọbìnrin tó ṣe ìyàwó nínú eré. Bàbá tó bí i wà ní Dosso, kò tilẹ̀ mọ̀ pé à ń ṣe nǹkan kan. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ò fi fún ẹnikẹ́ni, ṣé ó ti lọ́kọ?"

Ó ti dìde, ó ń rìn síwá sẹ́yìn lórí ẹní, ó ń na ọwọ́, àfi bíi pé aṣọ dúdú lọ́yà wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní o ti fi iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa." Ó ní òun gbà, kò sí ìgbéyàwó kankan. Mo ti ń wá bàtà mi.

Ìyàwó ò mira. "Bàbá mi lẹ dá lóhùn," ló wí. "Ohùn kóòtù lẹ fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ tún ní ohùn ti fíìmù. Èwo lẹ máa fi bá èmi sọ̀rọ̀?"

Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò... mi ò lè wọ yàrá wa lánàá. Ìta ni mo jókòó sí." Ohùn náà tínrín, ó ń há. Èmi tí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyàwó wò ó títí. "Ẹ gbé àpò yẹn," ló wí, "ká máa lọ."

Ó ti ṣe fíìmù púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mọ ojú rẹ̀ dé Zinder. Bó bá ń sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ-ọmọ mi á máa nu ojú, èmi á máa ṣa ìrẹsì mi lọ. Ohun tí mo mú nínú ọ̀rọ̀ náà ò ju èyí lọ: ẹni tó bá ń fi ẹnu wá oúnjẹ, kó ní ohùn kan tí kò ní gbé lọ sí ibi iṣẹ́.