Àlàfo Àárín Tábìlì Méjì

Sara Neudorf, tí ilé rẹ̀ kangun sí tèmi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wàrà ló ń fún láàárọ̀, wàràkàṣì ló ń ṣe lọ́sàn-án, bíi gbogbo wa lábúlé àwa Jámánì yìí ní Bòlífíà. Àwọn baba ìjọ wa ló ṣòfin pé katakata wa kò gbọdọ̀ ní táyà rọ́bà, àfi ẹsẹ̀ irin, nítorí bí ọ̀dọ́ bá ti rí rọ́bà, ìgboro ló máa gbà lọ.

Bernhard, àkọ́bí Sara, fi rọ́bà sí tirẹ̀ nígbà tí irin ti gbọ̀n ọ́n títí tó fi ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Ìjọ yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a jẹun lórí tábìlì kan. Sara wá gbé tábìlì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá, ó fi àlàfo àtẹ́lẹwọ́ kan sáàárín. Bí Bernhard bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi, orí kékeré yẹn ni Sara ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí. Odindi ọdún mẹ́tàdínlógún! Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, èmi náà ò bá a jẹun. Ojú ṣì ń tì mí.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ àná di alàgbà. Franz, ọmọ ọmọ Sara tí àbúrò Bernhard bí, wà lára wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù onítáyà rọ́bà lòun ń wà. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n wọ́gi lé òfin rọ́bà, wọ́n ní Bernhard ti padà di ọmọ ìjọ. Wọn ò tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Sara sáré wá bá mi. "Ìyá Tina, wá bá mi ti tábìlì yìí pọ̀! Ọmọ mi á bá mi jẹun lónìí."

"Ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má ṣubú kí ọbẹ̀ tó jinná."

A tì wọ́n pọ̀, ó tẹ́ aṣọ kan lé méjèèjì lórí, ó se ọbẹ̀ adìẹ. Bernhard wọlé, ó wo tábìlì, kò jókòó.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ tì í pọ̀?"

"Àwọn alàgbà ti dárí jì ẹ́."

"Wọ́n dárí jì mí kẹ̀! Kí ni mo ṣe? Ṣé kì í ṣe rọ́bà kan náà ni Franz fi ń sáré kiri?"

"Òfin ni, ọmọ mi. Èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Àmọ́ kò sí alàgbà tó wá síbí rí wá gbé abọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ yín ni."

Mo mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bernhard ká aṣọ náà kúrò, ó fa tábìlì kékeré sẹ́yìn, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan náà gẹ́lẹ́. Ó jókòó, ó jẹun tán, ó dúpẹ́. Sara kò fẹnu kan nǹkan kan. Inú bí mi sí Bernhard, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí Sara fi kú kí ìkórè tó dé. Inú ilé, lórí tábìlì ìjẹun, la ti ń wẹ òkú níbí. Sara ga, tábìlì ńlá kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Bernhard ti ń ti tábìlì kékeré bọ̀, ó tì í títí ó fi kan ti ńlá. A tẹ́ ìyá rẹ̀ sórí méjèèjì. Ó wá fa àga kan, ó jókòó tì í.