Ọjọ́ Tí Mo Gba Ẹ̀yìn Hẹlikọ́pítà Kọjá

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó mi, n kò lè gbàgbé ọjọ́ tí hẹlikọ́pítà àwọn òyìnbó tó ń wá epo rọ̀bì bà sí pápá Ẹ̀jìnrìn.

Wọ́n ti kéde pé iwájú, níbi tí awakọ̀ ti lè rí ènìyàn, ni kí gbogbo wa máa gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé agbọ̀n ẹja dé ibẹ̀, bàbá ògbufọ̀ wọn dúró níwájú ọkọ̀. A kì í gba iwájú àgbà kọjá, ni mo bá gba ẹ̀yìn.

Lójijì, etí agbọ̀n orí mi fò lọ. Abẹ̀bẹ̀ irin kan ń yára yí nídìí ọkọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi rí i!

Bàbá kígbe pé, "Sùn sílẹ̀! Má mira!"

Mo dojú bolẹ̀ láàárín ẹja. N kò lè lọ síwájú, n kò lè padà sẹ́yìn, nítorí n kò mọ ibi tí ikú wà. Mo ń ka Fátíhà títí ẹ̀rọ fi dákẹ́.

Bàbá bi mí pé, "Ta ló ní kí o gba ẹ̀yìn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà ni, sà."

Láti ọjọ́ náà, iwájú àgbà ni mò ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi. Orí mi ṣì wà lọ́rùn mi.