Odò Tí Ìka Lè Mọ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ifọ̀ tó fi iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Òun a máa pè mí ní Ọ̀mọ̀wé, nígbà mìíràn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nígbà mìíràn láti fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tó so wá pọ̀ ni eré ogun orí tábìlì: àwọn ọmọ ogun oníke tí kò ga ju oríkèé àtàńpàkò lọ, rúlà tí a fi ń wọn ìrìn wọn, àti dáìsì tí ń pinnu ẹni tó ṣubú. Èmi ni mo máa ń ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí, nínú ilé mi ní Mowe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe odò kan. Mo gé e láti ara páálí líle, mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ẹrẹ̀ kùn ún, mo sì mú kí àárín rẹ̀ dúdú ju etí lọ, nítorí bí omi bá ṣe jìn tó ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣú tó. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo dà lé e kó dà bí omi. Mo da ti ìṣáájú nípọn jù. Àsìkò òjò ni, kò gbẹ. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ló fi funfun bí ògì. Mo ha á kúrò, mo tún un dà díẹ̀díẹ̀, mo sì fi fáníìṣì parí rẹ̀. Ó ń dán bí Odò Ògùn nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Mo mọ̀ pé ojú Ẹ̀gbọ́n ń ṣe bàìbàì. N kò mọ̀ pé ó ti tó bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbé odò náà lọ sí ilé rẹ̀ ní Ifọ̀ fún eré. Odò mi tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ilẹ̀. Òfin eré wa ni pé ẹni tó bá wọ omi láìgba orí afárá ti rì. Ẹ̀gbọ́n ti ọmọ ogun mẹ́rin sí àárín omi gan-an. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí a kọ́ yóò ṣe nàka sí àṣìṣe àgbà nínú ilé rẹ̀, lójú ìyàwó rẹ̀? Mo rọra fi ìka gbé wọn padà sí bèbè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ọmọ ogun náà nígbà tí ọwọ́ mi débẹ̀.

Ó ní, “Kí lò ń ṣe?”

Mo ní mo kàn ń tún ìdúró rẹ̀ ṣe ni.

“Ọ̀mọ̀wé, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti tún un ṣe?”

Mo jẹ́wọ́. Ó gbé rúlà kalẹ̀. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun pàdánù ju kí a máa bu oúnjẹ sí òun lẹ́nu bí ìkókó lọ, pé kí n kó àwọn ọmọ ogun òun lọ fún ẹni tó lójú. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi àwàdà tù ú. Ó ní kódà nígbà tí ojú náà dá ṣáká, ṣebí ó máa ń kó ogun wọ odò. Kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé páálí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí Mowe.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀wọ̀ ni mo pe ìwà náà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀sí ni. Lọ́sẹ̀ kejì, mo bá òkìtì èèpo ìrẹsì pàdé lẹ́yìn ilé ìlọ̀ ìrẹsì kan ní Ọ̀fàdà. Mo bù ú, mo di ojú. Ó ń gún ọwọ́. Mo bu àpò kan. Mo fi fóòmù inú páálí tẹlifíṣọ̀n gbé bèbè odò tuntun ga, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo náà mọ́ ọn lórí bí eèsún, mo sì jẹ́ kí ojú omi máa yọ̀ lábẹ́ ìka. Mo fi igi ìgbálẹ̀ to afárá. Mo fi gèlè di ojú ara mi, mo ń fi ọwọ́ wá a kiri. Ìgbà mẹ́ta ni mo tú bèbè ká tí mo tún un ṣe kí ọwọ́ mi tó dá a mọ̀ láìṣiyèméjì.

Mo gbé odò náà àti páálí àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbọ́n padà sí Ifọ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. N kò rọ̀ ọ́ láti ta eré. Mo kàn gbé ọwọ́ rẹ̀ lé odò náà. Ìka rẹ̀ gun bèbè, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó tọ̀ ọ́ dé ibi afárá, ó dúró. Ó béèrè ohun tí ń gún òun. Mo ní èèpo ìrẹsì ni.

“Bí mo bá kó wọn wọ omi ńkọ́?”

“Wọ́n á rì, Ẹ̀gbọ́n. Màá sì sọ fún yín.”

Ó ní kí n to ilẹ̀ tó kù.

Eré ti wọ̀ ọ́ lára nígbà tó fi ìkánjú ti ọmọ ogun márùn-ún kọjá bèbè. Mo sọ fún un: “Ẹ̀gbọ́n, àwọn márààrún ti wọ omi.” Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wádìí, ó bá ibi tó ń yọ̀. Ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

Ó ní, “Òótọ́ ni. Ìwọ ló kàn.”

Èmi ni mo borí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, mo na ọwọ́ sí páálí àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀, ó ní kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.